Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Ìbàràpá ní Orin?

Ìlú méje ni àwọn àgbà máa ń kà bí wọ́n bá dárúkọ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Abẹ́òkúta wà ní gúúsù wọn, Ìbàdàn wà ní ìlà-oòrùn, Òkè-Ògùn sì wà ní àríwá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a mọ̀ wọ́n mọ́. A sì mọ Igbó-Ọrà mọ́ ọmọ ìbejì, débi pé láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá, tí àlejò sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Níbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, bí ìlù bá ti dún, ijó ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bá kúrò lójú agbo, tí ó lọ bá bàbá rẹ̀, tí ó ní, “Bàbá, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ orin, kí n mọ̀ ọ́n dé ìdí,” ọ̀dọ̀ ta ni bàbá náà yóò mú un lọ? Ìbéèrè yìí rọrùn létí, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn àfi bí a bá yẹ ìtàn wò, kí a rí bí ẹ̀kọ́ orin ti ń kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá.

Èrò kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Àwọn kan gbà pé òyìnbó ni ó kọ́ wa pé kí ènìyàn jókòó sí ẹsẹ̀ olùkọ́, kí ó máa gba ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọ̀gá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842 ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti wà lọ́dọ̀ wa. Alágbẹ̀dẹ ń gba ọmọ iṣẹ́, ahunṣọ ń gbà á, oníṣègùn náà ń gbà á. Òbí a mú ọmọ wá, ọ̀gá a gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ọmọ a sì máa sin ọ̀gá títí ọjọ́ tí yóò gba ìyọ̀ǹda. Títí di òní, bí télọ̀ tàbí mẹkáníìkì bá ń ṣe frídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àṣà àtijọ́ yẹn ni ó ń ṣe, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó yí padà.

Iṣẹ́ ìlù wà nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, àfi pé ìdílé ni ó dì í mú. Ní Ìbàràpá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, ọmọ tí a bá bí sí ilé onílù ni a ń fi Àyàn ṣáájú orúkọ rẹ̀: Àyándélé, Àyántúndé, Àyánwálé, Àyánkúnlé. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó ti ń gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó mọ ìrìn, ó ń fi igi lu agolo. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀ sí i, wọ́n gbé gúdúgúdú kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fi awọ méjì tí a fi ń lù ú lé e lọ́wọ́, ó sì ń tẹ̀lé àwọn bàbá rẹ̀ lọ sí òde ìyàwó, òde òkú àti òde ìwúyè. Iṣẹ́ gúdúgúdú ni kí ó di ẹsẹ̀ ìlù mú, kí ó má ṣe jẹ́ kí eré náà fọ́. Ọmọ tí kò bá lè dúró ṣinṣin nídìí gúdúgúdú, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ìlù mìíràn fún un.

Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè: yóò lu ìṣáájú, yóò lu kẹríkẹrì, yóò lu gángan. Ìyáàlù ni ó kẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba. Ẹni tí yóò fi kọ̀ǹgọ́ mú ìyáàlù sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ oríkì ilé àti oríkì oyè. Ó gbọ́dọ̀ mọ òwe, ó gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú, kí ó sì mọ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí a fi kí i. Bí ọwọ́ onílù yá bí iná, tí kò bá ní ọ̀rọ̀ nínú, ariwo ni yóò máa pa. Àwa tí a ń kọ́ èdè ní yunifásítì yẹ kí a fi ojú sí èyí dáadáa: ẹ̀kọ́ èdè ni ẹ̀kọ́ ìyáàlù, olùkọ́ onílù sì ti ń dá àmì ohùn mọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi í sórí ìwé.

Ẹ̀kọ́ yìí jinlẹ̀, kò sì sí owó oṣù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìlẹ̀kùn kan, ìbí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ lè jó sí ìlù láti àárọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ kí bàbá rẹ̀ fà á lé onílù lọ́wọ́. Bí ó tilẹ̀ wu ọmọ, àwọn ẹbí lè fárí pé alágbe ni onílù, pé àwọn kò bí ọmọ kí ó lọ máa lu ìlù kiri. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ohun tí gbogbo ìlú ń gbádùn, ilé díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìlẹ̀kùn kejì ni ìjọ Ọlọ́run àti ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Àwọn míṣọ́nnárì mú ìwé orin wá, wọ́n mú dùùrù wá, wọ́n sì mú sol-fa wá pẹ̀lú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sol-fa ni ó rìn jìnnà jù. Obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ni ó pilẹ̀ rẹ̀; oníwàásù kan tí ń jẹ́ John Curwen sì tún un ṣe láti nǹkan bí ọdún 1841 lọ, kí àwọn ọmọdé àti òṣìṣẹ́ tí kò lówó láti ra dùùrù lè máa kọrin láti inú ìwé. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun tí a ṣe fún tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tálákà ilẹ̀ wa mu. Kò béèrè ju pátákó dúdú kan, ṣọ́ọ̀kì kan, àti etí tí ó gbọ́ràn.

Àwọn olùkọ́ ni wọ́n gbé e kiri. Ní ọdún 1896 ni ìjọ C.M.S. ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí St. Andrew's College. Ẹni tí ó bá jáde ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí a sì rán lọ sí ìlú kékeré kan, òun ni tíṣà, òun ni kátíkíìsì, òun náà ni olórí akọrin. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún 1955, ìlẹ̀kùn yìí tún fẹ̀ sí i. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláró àti ọmọ onílù jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n sì jùmọ̀ ń kọ orin ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ìlẹ̀kùn tí ìlù fi ìbí tì, ilé-ẹ̀kọ́ ṣí i fún gbogbo ènìyàn.

Àmọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà kéré. Ọmọ kọ́ orin tí yóò kọ níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Kò kọ́ bí a ti ń ṣe orin. Ó sì tún ní àléébù kan tí ó kan èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ tí ó fẹ́ aya, re re ni, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, re mi ni, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, re do ni, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, do do ni. Ohùn nìkan ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí a bá wá mú ohùn orin tí a ti ṣe fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, tí a sì fi ohùn kan náà kọ ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta, kò sí bí kò ṣe ní ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ ni orin yóò ti máa gòkè. Akọrin yóò wọ ọkọ́ lọ sí Èkó, yóò sì fi ọkọ̀ ro oko. Onílù tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì yóò kàn mi orí ni.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé sol-fa kan náà tí ó kó wa sínú àṣìpè yìí ni àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá wá yí padà di irinṣẹ́ tiwọn. Gbogbo wa ni a fi do, re, mi kọ́ àmì ohùn: do fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mi fún òkè. Ohun tí Curwen tún ṣe kí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kọrin ìsìn ni ọmọ Ìdèrè fi ń mọ ìyàtọ̀ láàrin igbá àti ìgbà lónìí. Èyí fi hàn pé irinṣẹ́ kò ní ẹ̀bi. Ohun tí a fi ṣe ni ó ṣe pàtàkì.

Àwọn kan tètè rí àléébù orin ìjọ yìí. Ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ìbàràpá, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, tí a bí ní ọdún 1855 tí ó sì kú ní ọdún 1930, ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì ń fi í wàásù. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo orin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì wá ìdí rẹ̀ rí, ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ní Òndó. Ní ọdún 1911 ni Phillips lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà ní ọdún 1914, ó sì di olórí orin ní Kátídírà Kristi ní Èkó títí di ọdún 1962. Ní ọdún 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ àti orin kò ṣeé yà nípa ní èdè wa, pé ẹni tí yóò bá ṣe orin Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fetí sí bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ Phillips yìí ni ìlẹ̀kùn kẹta ti hàn, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ àdáni: olùkọ́ kan, ọmọ kan, dùùrù kan. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, kọrin lábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ṣówándé dé Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, ó tún lọ bá àwọn olùkọ́ dùùrù bíi George Oldroyd àti George Cunningham, títí ó fi gba oyè ńlá àwọn olùtẹ dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1943. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní ọdún 1935, gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Phillips kan náà kí ó tó lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1957. Akin Euba, tí a bí ní ọdún 1935 bákan náà, lọ sí Trinity College ní ọdún 1952.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lé dùùrù? Bàbá Ṣówándé jẹ́ àlùfáà tí ó mọ orin ìjọ. Bàbá Bánkọ́lé ń tẹ dùùrù fún ìjọ, bàbá rẹ̀ àgbà náà ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Euba ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní piano nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Phillips fúnra rẹ̀, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni. Bí a bá tò wọ́n báyìí, a óò rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé onílù. Dùùrù náà di iṣẹ́ ìdílé. Ọmọ gbọ́ ọ kí ó tó mọ̀ ọ́n sọ, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni a wá fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ilé Àyàn mìíràn ni wọ́n dá sílẹ̀, láìmọ̀, lẹ́bàá ọ̀sà. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọmọ Tápà tàbí ọmọ Ayétẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò lu ìlù, tí kò sì tẹ dùùrù, ìta ilé méjèèjì ni ó wà.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn kan gbìyànjú láti fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga gba ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní ọdún 1961. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá náà tẹ̀lé e. Ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin tí a ń pè ní MUSON sílẹ̀ ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ orin ní ọdún 1989, níbi tí ọmọdé àti àgbà ti lè sanwó kí olùkọ́ máa kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké sì ti pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀. Owó ṣí ìlẹ̀kùn tí ìbí tì. Ẹni tí a kò bí sí ilé olórin lè ra ẹ̀kọ́ ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ìtẹ̀síwájú ni èyí. Àmọ́ ẹni tí kò ní owó, tí ó sì jìnnà sí ìlú ńlá, owó tún ti ìlẹ̀kùn kan náà mọ́ ọn. Owó ọkọ̀ láti Ìgàngán dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè ju owó olùkọ́ lọ.

Níbí ni mo fẹ́ kí olùkàwé dúró díẹ̀, kí a wo ohun tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ṣe nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó tán. Ṣówándé padà sílé, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí Ifá àti orin ìbílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Euba, lẹ́yìn gbogbo ìwé ẹ̀rí tí ó gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ jókòó ti onílù kan, Laisi Àyánṣọlá, ní Ifẹ̀. Láti ẹnu àti ọwọ́ onílù yìí ni ó ti kó púpọ̀ nínú ìmọ̀ dùndún tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Legon ní ọdún 1974, ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún sì jáde ní ọdún 1990. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí ó ti kọ́ piano láti kékeré, nígbà tí ó fẹ́ mọ ìdí orin tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ Àyàn ni ó lọ. Ọmọ Ìbàràpá kò nílò láti yí gbogbo ayé ká kí ó tó dé ibi tí Euba dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí. Mo fi Ọba Adétóyèsè Láoyè, Tìmì Ẹdẹ̀, dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ó jọba láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, ó sì mọ ìlù lù débi pé òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1959 ni ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Odù. Bí adé kò bá kọ ìlù, fìlà wa kò lè kọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìlù kò yẹ ní ilé Ọlọ́run, nítorí náà òbí onígbàgbọ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo, ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ, ó sì fi ìlù sí i. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó lọ. Ní ọdún 1962 ni wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń ṣe eré rẹ̀, ní ọdún 1964 sì ni eré rẹ̀ Ọba Kò So dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Lónìí, mélòó ni ṣọ́ọ̀ṣì tí gángan kò tíì wọ̀? Ìjọ tí ó lé ìlù jáde ti ń wá onílù tí yóò san owó fún ní ọjọ́ ìkórè.

Ẹlòmíràn tún lè sọ pé onílù kì í fi iṣẹ́ wọn han ẹni tí kì í ṣe ti ìdílé. Ìtàn kò gbè é. Olóyè Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ní dùndún, ó sì ṣe ìwé tí a lè fi kọ́ ọ. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, agbo ilé Àyánkúnlé ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ti kọ́ wọn ní bàtá. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 2007 àti ọdún 2010. Bí ọmọ Amẹ́ríkà bá lè wọ ọkọ̀ òfúrufú wá jókòó sí ẹsẹ̀ ọmọ Àyàn, tí ọmọ Lánlátẹ̀ kò sì lè rìn dé agbo ilé kejì, àwa ni kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó fà á.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ onílù pẹ̀lú ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé bá ń jáde tí ọmọ ìta kò sì wọlé, ilé yóò dá. Àgbà onílù kan tí ó kú láìní ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìlù nìkan ni ó gbé lọ. Ó gbé oríkì lọ, ó gbé ìtàn lọ, ó gbé gbólóhùn Yorùbá tí a kò tíì kọ sílẹ̀ níbikíbi lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gbèrò ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Ìbàràpá, ìbáà ṣe ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà, ìmọ̀ràn tí ìtàn fún wa ni èyí. Kí olùkọ́ méjì wà níbẹ̀, kí owó oṣù àwọn méjèèjì sì dọ́gba: ọ̀kan tí yóò kọ́ ọmọ ní ìwé orin àti dùùrù, èkejì tí yóò kọ́ ọ ní dùndún láti orí gúdúgúdú dé ìyáàlù. Èmi kò sọ pé kí a ju dùùrù nù. Láìsí ẹ̀kọ́ dùùrù, Phillips kì bá tí lè kọ ìwé rẹ̀, Euba kì bá tí lè fi ìlù sórí ìwé fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó mọ ìwé orin nìkan lè ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹni tí ó mọ ìlù nìkan, ìmọ̀ rẹ̀ lè bá a lọ sí sàréè. Kí owó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má sì ju ohun tí àgbẹ̀ lè san lọ. Dùùrù lè wọ́n, ẹni tí yóò sì tún ohùn rẹ̀ ṣe lè máa ti Ìbàdàn wá. Ṣùgbọ́n igi ìlù, awọ ewúrẹ́ àti ọsán wà nítòsí, ẹni tí ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe wà ládùúgbò.

A kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí òfo. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n lè kọ́ ìtọ́jú ìlera láàrin àwọn ará ìlú. Yunifásítì ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé Ìbàràpá ní ohun tí ó lè kọ́ dókítà. Ó yẹ kí ó gbà pé ó ní ohun tí ó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ orin pẹ̀lú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ pólí wà ní Èrúwà. Bí ẹgbẹ́ wa bá rán akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà onílù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, a ti fi ìpìlẹ̀ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò lò lélẹ̀.

Nígbà náà, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn bá bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè, bàbá náà yóò rí ìdáhùn. Kò ní sọ pé, “A kì í ṣe ọmọ Àyàn.” Kò sì ní sọ pé, “A kò lówó Èkó.” Yóò fi ọmọ náà lọ́wọ́ rìn lọ sí ìdí olùkọ́, nínú ìlú wọn.